Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkọ̀ Ìpẹja

 

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin kan ní Oníyanrìn, ní Ìbàdàn, ló ránṣẹ́ sí ètò wa. Wọ́n ti ń dá àjọ bọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n sì fẹ́ fi owó náà ra ọkọ̀ ìpẹja. Wọn yóò máa gbé e lọ sójú omi lópin ọ̀sẹ̀, wọn yóò mú èyí tí wọ́n máa jẹ lọ sílé, wọn yóò sì ta ìyókù. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ kápẹ́ńtà, ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná. Wọ́n ní kí n sọ irú ọkọ̀ tó dára jù fún wọn.

Ẹ̀yin àbúrò mi, mi ò lè dárúkọ ọkọ̀ kankan fún yín àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ dárúkọ omi. Ọkọ̀ tó dára ní ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ lè di wàhálà ní adágún Eléyẹlé. Èyí tó ń fò fẹ̀rẹ̀ lórí omi tó dákẹ́ lè pa èèyàn níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń ru omi sókè. Ojú ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ra ọkọ̀: wọ́n rí ọ̀dà rẹ̀, ó ń dán, wọ́n rí ẹ́ńjìnnì ńlá ní ìdí rẹ̀, ọkàn wọn sì fà sí i. Wọn kò tíì dúró létí omi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí láti wo bó ṣe jìn tó, bó ṣe gbòòrò tó, àti ohun tó fara pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀.

Ìbàdàn kì í ṣe ìlú etí òkun, ṣùgbọ́n a ní omi. Ọdún 1942 ni wọ́n dí odò Ọ̀nà ní Eléyẹlé kí ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu. Nígbà tí ìlú pọ̀ ju ohun tí Eléyẹlé lè bọ́ lọ, wọ́n lọ dí odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjire, ní nǹkan bí kìlómítà 30 sí ìlú lójú ọ̀nà Ifẹ̀, iṣẹ́ sì parí níbẹ̀ ní 1972. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn kọjá ti rí àwọn ìyá tó ń ta ẹja tútù àti ẹja yíyan lẹ́bàá títì. Bí ẹ bá fẹ́ lọ jìnnà sí i, adágún Ìkéré wà nítòsí Ìsẹ́yìn lórí odò Ògùn, adágún Ọyán sì wà nítòsí Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n ṣí ní 1983. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀sà Èkó àti Ẹ̀pẹ́, níbi tí omi iyọ̀ ti ń bá omi odò pàdé. Omi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọkọ̀ wọn kò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Eléyẹlé, torí òun ló sún mọ́ yín jù. Omi náà kò fẹ̀ púpọ̀, ẹrẹ̀ sì ti kún àwọn ibì kan débi pé kò jìn mọ́. Koríko ojú omi pọ̀ níbẹ̀: ojú oró tí a ti mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àti èyí tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, tó gba ìhà Bàdágìrì wọ ilẹ̀ wa ní 1984, tó sì ti tàn kálẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì wọ inú koríko yẹn, gbòǹgbò rẹ̀ yóò wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ óò sì máa fi ọ̀bẹ gé e ní gbogbo ìgbà tó yẹ kí ẹ máa pẹja. Ọkọ̀ pákó tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ló bá ibẹ̀ mu. Kì í wọnú omi jìn, ẹni tó bá dìde lórí rẹ̀ kì í tètè ṣubú, èèyàn méjì lè fi àjẹ̀ wà á, wọ́n sì lè fi ọ̀pá tì í níbi tí omi kò bá ti jìn.

Aṣéjire yàtọ̀. Ó gùn, ó gbòòrò, afẹ́fẹ́ sì ráyè sáré lórí rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ìgbì bá bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ abẹ́ pẹrẹsẹ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ga yóò máa gbá omi, omi yóò sì máa ta wọlé. Ibẹ̀ ń fẹ́ ọkọ̀ tó tó ẹsẹ̀ bàtà 16 tàbí 18, tí iwájú rẹ̀ ṣóńṣó díẹ̀ kó lè la omi, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ga dáadáa. Ẹ tún rántí pé ilẹ̀ ni ìsàlẹ̀ adágún bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Igi wà níbẹ̀ kí omi tó bò ó, kùkùté rẹ̀ kì í sì í jẹrà kíákíá nínú omi. Nígbà òjò, omi á ga, ọkọ̀ á máa kọjá lórí wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á fà, kùkùté á sì wá ku díẹ̀ kó yọjú, èyí ló léwu jù, torí kò tíì hàn sójú. Òwe wa ní odò kì í kún kó bo ẹja lójú. Èèyàn ni odò ń bò lójú. Nítorí náà, kí ẹ tó lo ọkọ̀ ní omi kan, ẹ bẹ àwọn apẹja ibẹ̀ kí wọ́n mú yín yí i ká lẹ́ẹ̀kan nígbà tí omi bá fà jù, kí ẹ fi okùn tí ẹ so òkúta mọ́ wọn bó ṣe jìn tó. Ẹ ta okùn náà ní kókó ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tó ń fi bí omi ṣe jìn hàn wà lọ́jà, ó sì dára, ṣùgbọ́n okùn yìí kò gba bátìrì.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ máa ń wo fídíò ọkọ̀ ìpẹja àwọn ará Amẹ́ríkà lórí fóònù wọn: ọkọ̀ tó ń dán, tí àga rẹ̀ ń yí, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Ẹja kan tí wọ́n ń pè ní bass ni wọ́n ṣe é fún. Ẹja náà kì í ṣe ti omi wa níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kó o wá sí Gúúsù Áfíríkà ní 1928, wọ́n sì kó o sí adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà ní 1929. Ní 1948, Holmes Thurmond kan ọkọ̀ tó pè ní Skeeter ní ìlú Shreveport, ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Ó tẹ́ lábẹ́, ó ṣóńṣó níwájú, ó sì kúrú. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ torí pé ó mọ irú omi tó wà ládùúgbò rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá ẹ̀yìn ìgbà náà, ìdíje ló bí wọn, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi tí ẹja wà ló ń gba owó. Ẹ̀yin kò bá ẹnikẹ́ni díje ní Eléyẹlé. Ẹ sì gbọ́ èyí: bass tó tóbi jù tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ nígbà náà, èyí tó wọn kílò 10 àti díẹ̀, George Perry ló pa á ní ìpínlẹ̀ Georgia ní oṣù kẹfà ọdún 1932. Inú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi pákó kàn fúnra wọn ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Ó tó ọdún 77 kí ẹnikẹ́ni tó pa èyí tó bá a dọ́gba, ní adágún Biwa ní Japan, ní 2009.

Ó kan ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀. Ọkọ̀ tí a gbẹ́ láti inú igi kan ṣoṣo ti wà láti ìgbà pípẹ́. Ní 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní ilẹ̀ tó ti di Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, ó sì kan igi líle nísàlẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wú u jáde, ọkọ̀ ni, gígùn rẹ̀ ju mítà mẹ́jọ lọ, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tí a tíì rí ní Áfíríkà tó pẹ́ tó o. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ ilé ìwé ní Ìbàdàn mọ̀ nípa ọkọ̀ yẹn. 

Lóde òní, igi tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n. Igi ọ̀mọ̀ tí a fi ń gbẹ́ ìlù náà ni a fi ń gbẹ́ ọkọ̀, ó fúyẹ́, kò sì tètè là. Àwọn apẹja Gánà ń fi igi tí àwa ń pè ní arère gbẹ́ ọkọ̀ òkun wọn, èyí tí ẹ ń rí ní etí òkun Èkó àti Kútọnu, torí pé arère ń tóbi gan-an, ó sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n arère kì í pẹ́ jẹrà bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Ní ti ọkọ̀ pákó, tí mo rò pé ó yẹ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta pákó arère fún yín pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ń farada omi púpọ̀, ó dára fún egungun ọkọ̀, ìyẹn àwọn igi tó dábùú inú rẹ̀. Ọ̀gànwó àti ìdígbò dára fún ara rẹ̀. Ìrókò náà dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ń ga, ó sì wúwo. Kápẹ́ńtà inú yín mọ ibi tí wọ́n ti ń ta pákó tó gbẹ dáadáa. Pákó tútù yóò sún kì lẹ́yìn tí ẹ bá kàn án, gbogbo oríkèé yóò sì yanu.

Ìṣó tí ẹ ó lò, kó jẹ́ èyí tí kì í dógùn-ún. Ìṣó lásán tó wà nínú igi tútù kì í ju ìgbà díẹ̀ lọ, bó bá sì ti dógùn-ún, igi tó yí i ká á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà pẹ̀lú rẹ̀. Àárín pákó sí pákó, òwú ni wọ́n ń fi òòlù àti irin pẹlẹbẹ gbá sínú rẹ̀ títí yóò fi ki, kí wọ́n tó fi ọ̀dà bò ó. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ibi tí a bá ti fi ìkánjú ṣe é ni omi yóò ti wọlé.

Ọkọ̀ fáíbà ń kọ́? Ó fúyẹ́, kì í mu omi, kì í sì í béèrè ọ̀dà lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n bó bá fọ́ mọ́ kùkùté, kápẹ́ńtà kò lè tún un ṣe. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ fi èékánná tàbí owó ẹyọ lu gbogbo ara rẹ̀: ibi tó bá dún gbọ̀ngbọ̀n dára, ibi tó bá dún bọ̀ọ̀, inú rẹ̀ ti ya kúrò lára ara wọn. Ẹ mú ìdí ọkọ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó sí, kí ẹ tì í síwá sẹ́yìn. Pákó ló sábà máa ń wà nínú ìdí yẹn, fáíbà kàn bò ó ni. Bó bá mì, pákó inú rẹ̀ ti jẹrà, ẹ máa bá tiyín lọ. Ní ti ọkọ̀ pákó tòkunbọ̀, ẹ mú ọ̀bẹ kékeré dání, kí ẹ fi ṣóńṣó rẹ̀ gún igi níbi tí omi máa ń mọ, ní orígun, àti lábẹ́ ìjókòó. Igi tó dára kì í gba ọ̀bẹ. Bí olówó rẹ̀ bá bínú pé ẹ ń gún ọkọ̀ òun, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ ń dá àjọ, nítorí náà ẹ gbọ́ ìṣirò kan tí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà ń lò fún ọkọ̀ kékeré. Ẹ wọn gígùn ọkọ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, kí ẹ fi 15 pín in. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ 14 tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin á fún yín ní 56, bí ẹ bá sì fi 15 pín in, mẹ́ta àti díẹ̀ ni. Èèyàn mẹ́ta nìyẹn, lójú ọjọ́ tó dára. Bátìrì, àwọ̀n àti ẹja tí ẹ bá pa náà wúwo, ẹ yọ wọ́n kúrò. Bí ẹ bá ra ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ 14, ẹni kan yóò dúró sí èbúté ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì jọ fẹnu kò lórí rẹ̀ kí owó tó jáde. Ẹ má sọ pé ẹ óò fún ara yín mọ́ra. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó ní Egboti bọ̀ wá sí ìhà Pátégì rì sínú odò Ọya lóru. Ó ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ tó kú. Èrò pọ̀ jù nínú ọkọ̀, ilẹ̀ ti ṣú, ẹ̀wù ìléfòó kò sì sí lọ́rùn wọn. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò sí èyí tó kọjá agbára ọmọ èèyàn láti yẹra fún.

Nítorí náà, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rà lẹ́yìn ọkọ̀ ni ẹ̀wù ìléfòó, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó tó kan ìwọ̀ àti àwọ̀n. Ọrùn ni ibi tí ó yẹ kó wà. Ẹni tó bá fi ṣe ìrọ̀rí ìjókòó kò ní ráyè wọ̀ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé. Ẹ wọ̀ ọ́ wọnú omi tó mọ yín ní àyà, kí ẹ wò ó bóyá ó gbé yín, bóyá kò bọ́ lọ́rùn yín. Ẹ so fèrè kékeré mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ìdérí rẹ̀ le, ẹ dè é mọ́ abẹ́ ìjókòó níwájú àti lẹ́yìn. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan lè gbé ìwọ̀n tó sún mọ́ kílò 25 léfòó. Bí omi bá kún ọkọ̀, kò ní rì pátápátá, ẹ óò sì rí nǹkan dì mú títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ọkọ̀ tó dojú dé ṣì rọrùn láti rí ju orí èèyàn kan ṣoṣo nínú omi. Ẹ dúró tì í.

Àjẹ̀ méjì kò tó, ẹ mú mẹ́ta, torí ọ̀kan á bọ́ sómi lọ́jọ́ kan. Ẹ tún mú ìdákọ̀ró, okùn rẹ̀ tó gùn tó ìlọ́po márùn-ún sí méje jíjìn omi, igbá tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gbọ́n omi, tọ́ọ̀ṣì. Ẹní àtijọ́ tàbí àpò tí ẹ tẹ́ sínú ọkọ̀ ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ: ìró àjẹ̀ tó já bọ́ lu pákó ń lọ jìnnà nínú omi, ẹja á sì sá.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sórí ohun tí yóò máa gbé ọkọ̀ lọ, torí mo ní èrò tó lágbára nípa rẹ̀. Omi Eléyẹlé àti ti Aṣéjire ni àwa ará Ìbàdàn ń mu. Inú ẹ̀rọ ìsọmidọ̀tun ló ń gbà kọjá kó tó dé ilé wa, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí a ó fi máa da bẹtiróòlù àti ọ́ìlì sínú rẹ̀ nítorí pé a fẹ́ pa ẹ̀pìyà. Àjẹ̀ tó fún Eléyẹlé. Fún Aṣéjire, bí apá bá ń ro yín, mo rọ̀ yín kí ẹ wo ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń lo iná bátìrì. Láti ọdún 1934 ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn apẹja tí kò fẹ́ ariwo. Bí ẹ ṣe máa mọ bó ṣe yẹ kó lágbára tó: agbára ìtì rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sí i lára ní pọ́ùn, pọ́ùn méjì fún kílò 45 ni ó kéré jù. Ọkọ̀, èèyàn mẹ́ta àti ẹrù lè tó kílò 400 lápapọ̀. Pọ́ùn 18 ni ìṣirò yẹn ń wí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò mọ ìṣirò, ẹ má ra èyí tó kéré sí 30.

Bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò dára fún un. Agbára púpọ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, láti fi ta ọkọ̀ jí. Irú èyí tí àwọn èèyàn ń lò pẹ̀lú ínfátà àti páńẹ́lì oòrùn ní ilé wọn báyìí, èyí tó lè máa tú agbára rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ni ẹ ń wá. Bó bá jẹ́ olómi tàbí onígẹ́ẹ̀lì, ẹ má lò ó kọjá ìdajì kí ẹ tó fi iná kún un padà, ẹ má sì gbé e sílẹ̀ ní òfìfo mọ́jú. Bátìrì 100 Ah lè gbé ẹ́ńjìnnì kékeré fún wákàtí mélòó kan bí ẹ bá ń rọra lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dópin, yóò tètè rẹ̀ ẹ́. Ẹ fi fíúsì sí ara wáyà nítòsí bátìrì, ẹ gbé bátìrì sínú àpótí tó ní ìdérí, ẹ sì gbé e sí àárín ọkọ̀, kó má bàa tẹ ìdí ọkọ̀ wọlẹ̀.

Àwọn tó ń lọ sí ọ̀sà tàbí odò tó ń ṣàn kò lè ṣe láìní ẹ́ńjìnnì elépo, nítorí náà ọ̀rọ̀ tiwọn náà rèé. Gígùn ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ bá gíga ìdí ọkọ̀ mu: èyí tó kúrú jẹ́ fún ìdí tó ga ní ínǹṣì 15, èyí tó gùn jẹ́ fún ínǹṣì 20. Bó bá gùn jù, ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ó sì ń kan ìsàlẹ̀. Bó bá kúrú jù, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ á máa gbá afẹ́fẹ́. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹtiróòlù fún, púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ ọ́ìlì lítà kan sí bẹtiróòlù lítà 50, ìyẹn ìdajì lítà sí kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá ni kí ẹ tẹ̀lé, torí tuntun ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Kí ọ́ìlì náà jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì ojú omi.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ wo ibi tí omi tó ń mú un tutù ti ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí omi yẹn kò bá tú, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sókè, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Níhìn-ín, ọ̀rá píọ́ wọ́tà ló sábà máa ń dí i. Nínú ẹ́ńjìnnì náà, rọ́bà kékeré kan ló ń fa omi, rọ́bà yìí kò sì lè yí láìsí omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó má bàjẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ta ẹ́ńjìnnì jí lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti fi hàn yín pé ó ń ṣiṣẹ́ ti ń bà á jẹ́ lójú yín. Ẹ ní kó gbé e sínú dírọ́ọ̀mù omi. Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ kó tú ìṣó kékeré tó wà nísàlẹ̀ ibi tí ọ́ìlì jíà wà. Ọ́ìlì tó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọnú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ nínú omi iyọ̀ ní Èkó tún ń fẹ́ àyẹ̀wò sí i, torí iyọ̀ ń jẹ irin láti inú wá. Ẹni tó ń lò ó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi omi tí kò níyọ̀ fọ inú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹja tí ẹ bá pa, bí ẹ ṣe mú un dé ọjà ló máa sọ iye tí ẹ máa tà á. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ́ àpótí omi sínú ọkọ̀ wọn, tí ẹ̀rọ kékeré ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kí ẹja má kú. Ohun kan nìyẹn tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ lára wọn. Àrọ̀ ń mí afẹ́fẹ́ orí omi, nítorí náà ó lè wà láàyè nínú omi díẹ̀ nínú kúlà. Ẹ̀pìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, omi tó gbóná á pa á kíákíá. Ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ léraléra, tàbí kí oníná inú yín so ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré mọ́ bátìrì. Èyí tó bá kú, kí yìnyín dé orí rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, orí ilẹ̀ ni ọkọ̀ pákó ti ń bàjẹ́ jù. Omi òjò tó dúró sínú rẹ̀ ń jẹ ẹ́ ju omi odò tó ń léfòó lórí rẹ̀ lọ. Ẹ fà á gòkè, ẹ dojú rẹ̀ dé sórí igi méjì kó má kan ilẹ̀, lábẹ́ ìbòòji, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà á. Ẹ má fi tàpólì wé e pinpin, torí ooru àti ọ̀rinrin tó há sínú rẹ̀ ni olù fi ń hù. Nígbà ọyẹ́, pákó á gbẹ, á sún kì, ẹ óò sì máa rí ìmọ́lẹ̀ láàárín wọn. Ẹ má sáré fi ọ̀dà dí i. Ẹ kọ́kọ́ rì í sínú omi tí kò jìn fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí kí ẹ tẹ́ àpò tó rin sínú rẹ̀. Pákó á mu omi, á wú, púpọ̀ nínú àlàfo yẹn á sì pa dé fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá pa dé ni ti òwú àti ọ̀dà.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ha abẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kun ún. Ní ọ̀sà, àwọn apẹja máa ń fi iná imọ̀ ọ̀pẹ jó abẹ́ ọkọ̀ wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, torí kòkòrò kan wà nínú omi iyọ̀ tó ń lu igi láti inú. Kòkòrò yẹn kò sí nínú omi tiwa níhìn-ín, ẹ má ti iná bọ ọkọ̀ yín lásán. Oṣù kẹta àti ìkẹrin ni kí ẹ ṣọ́ra jù lójú omi: ìjì àkọ́rọ̀ òjò máa ń ti ìlà-oòrùn wá, ó sì ń yára. Bí ẹ bá rí i tí ojú ọ̀run ìhà ibẹ̀ dúdú, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́ lójijì, ẹ kó àwọ̀n, ẹ forí lé ilẹ̀ tó sún mọ́ yín jù, kì í ṣe èbúté yín.

Ẹ lọ gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ àwọn tó ń mójú tó omi kí ẹ tó gbé ọkọ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì fara hàn níwájú àwọn apẹja tí ẹ bá níbẹ̀. Ní ti ìpín iṣẹ́ láàárín ẹ̀yin mẹ́rin: kápẹ́ńtà ni kó ni abẹ́ ọkọ̀, oníná ni kó ni bátìrì àti wáyà, ẹni kẹta ni kó máa yẹ ẹ̀wù ìléfòó, okùn àti ìdákọ̀ró wò, ẹni kẹrin ni kó máa kọ owó sílẹ̀. Ẹ yọ apá kan lára owó ẹja tí ẹ bá tà sọ́tọ̀ fún ọ̀dà, òwú àti bátìrì láti ìgbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tà, kí ẹ tó pín èyí tó kù. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ojú àwọ̀n la ó sọ̀rọ̀ lé lórí, bí ó ṣe yẹ kó fẹ̀ tó kí ọmọ ẹja lè ráyè jáde.